Irúgbìn Mẹ́sàn-án: Àkọsílẹ̀ Ìrẹsì Pupa Tí Mò Ń Ṣe Ní Rẹ́mọ

Oṣù kọkànlá, 2022

Mo fẹ́ tún àkùrọ̀ bàbá mi dá, èyí tó wà lọ́nà Òde-Rẹ́mọ, mo sì lọ ra kóńgò ìrẹsì méjì fún gbígbìn lọ́wọ́ ìyá kan ní Ìṣarà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n tú àpò, wọ́n da irúgbìn sórí ẹní, inú mi sì bàjẹ́. Èèpo àwọn kan pọ́n bí koríko gbígbẹ, ti òmíràn ní ìlà dúdú, òmíràn dúdú pátápátá. Àwọn kan ní irùngbọ̀n gígùn lẹ́nu, àwọn kan kò ní. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra díẹ̀ títí èèpo fi bọ́: èyí tó pọ̀ jù pupa nínú, àmọ́ mo rí funfun láàárín wọn.

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, àdàlù ni èyí."

Wọ́n ní, "Àdàlù kẹ̀? Ọmọ mi, bí òjò bá tètè dá, èyí tó ń yára gbó á ti wọlé. Bí òjò bá pẹ́, èyí tó ń pẹ́ á ṣe dáadáa. Èwo lo fẹ́ kí n jù nù nínú wọn?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé irúgbìn gidi ni èyí tó bára mu: kó ga bákan náà, kó gbó lọ́jọ́ kan náà, kí hóró rẹ̀ dọ́gba kí ẹ̀rọ lè bó o láì fọ́ ọ. Òótọ́ ni, fún ẹni tó fẹ́ tà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe irúgbìn tuntun, inú ohun tí kò bára mu ló ti ń mú un. Bí gbogbo hóró bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣà. Mo rò ó títí mo fi délé, mo sì pinnu pé mi ò ní gbin kóńgò méjì yẹn lásán.

Ohun tí mò ń wá kò le láti sọ. Ìrẹsì pupa wa dùn, ó ń yóni, ó sì mọ ilẹ̀ wa. Àmọ́ ó ga jù. Tí òjò oṣù kẹsàn-án bá bá a pẹ̀lú ṣiri lórí, atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, ó ti ṣubú lulẹ̀, hóró ti ń hù nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo fẹ́ èyí tó pupa, tó dùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó kúrú díẹ̀ tó sì lè dúró.

Oṣù kejì sí oṣù kẹrin, 2023

Mo lo oṣù mẹ́ta fún ìkójọ. Mo gba irúgbìn mẹ́sàn-án láti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìṣarà, Òde-Rẹ́mọ, Ìkẹ́nnẹ́, Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú-Igbó, àti méjì láti òdìkejì lọ́hùn-ún, ní agbègbè Ọ̀fàdà àti Mòkólòkí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí ìrẹsì náà ti gba orúkọ. Mo sọ wọ́n ní R1 títí dé R9, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é lábúlé kan lè jẹ́ ti ìrẹsì mìíràn lábúlé kejì. Ẹni tó bá fi orúkọ ṣe àmì á kàn tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ìrẹsì Ọ̀fàdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí tó ti yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé àkójọ ẹ̀yà ni, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìran ìrẹsì Éṣíà, Oryza sativa, ṣùgbọ́n ìran ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, Oryza glaberrima, náà wà nínú wọn. Àwọn baba ńlá àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sọ glaberrima di ohun oko, lápá òkè Odò Ọya, ó sì ti lé ní 3,000 ọdún. Kò wá láti ibìkankan. Tiwa ni.

Mo sá gbogbo rẹ̀ sóòrùn títí hóró fi ń ró kàà láàárín eyín, mo kó wọn sínú rọ́bà kọ́sítádì, mo sì fi èédú gbígbẹ tí mo dì sínú aṣọ sí ìsàlẹ̀ rọ́bà kọ̀ọ̀kan kó lè máa fa ọ̀rinrin.

Oṣù kárùn-ún, 2023

Mo gbìn. Mo fi ẹ̀yà ìrẹsì òde òní kan, FARO 44, ṣe ìkẹwàá. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní Sípì. Ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Nàìjíríà. Hóró rẹ̀ funfun, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, igi rẹ̀ kò sì ga tó tiwa.

Níbí, mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fara balẹ̀ kà á. Ìsàlẹ̀ àkùrọ̀ mi, lẹ́bàá omi, lọ́ràá ju òkè lọ. Bí mo bá gbin R1 sísàlẹ̀ tí mo gbin R9 sókè, R1 á ga, màá sì máa yìn ín, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ga, kì í ṣe irúgbìn. Ohun tí ojú ń rí lára igi, ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀ àti ibi tó dúró sí ni wọ́n jọ ṣe é. Kí n lè yà wọ́n, mo pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì gbin gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú ìdá kọ̀ọ̀kan. Mo kọ R1 títí dé ìkẹwàá sórí bébà, mo dà á sínú fìlà, àbúrò mi sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó kàn. Ibi tí bébà bá ní la gbìn ín sí. Ààyè tó wà láàárín ìdí kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, lóròó àti níbùú.

Ọgbọ̀nọjọ́, oṣù kẹfà, 2023

Ọjọ́ Ojúde Ọba. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti àárọ̀. Mo dúró lóko nítorí ọ̀sẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ka ọmọ tí ìdí kọ̀ọ̀kan ta. Ìdí mẹ́wàá nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, ìlà 30, ó di ìdí 300. Mo ka ọmọ, mo fi rúlà wọn gíga, mo wo àwọ̀ ìdí ewé, bóyá ó tutù yọ̀yọ̀ tàbí ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, mo sì wo ahọ́n ewé.

Ahọ́n ewé yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Bí o bá fa ewé ìrẹsì sẹ́yìn kúrò lára igi, wàá rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan níbi tí ewé ti pàdé igi. Lára sativa, ó gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì sábà máa ń là sí méjì. Lára glaberrima, ó kúrú, ẹnu rẹ̀ rí roboto. Mo ti ka ìdí púpọ̀ láì rí nǹkan. Nígbà tí mo dé R4, ti ìyá Ìṣarà, mo fa ewé kan, mo rí i pé ahọ́n rẹ̀ kúrú ṣókí. Mo fa ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó gùn. Mo padà sí ti àkọ́kọ́. Nínú ìdí 30 tí mo wò ní R4, mẹ́rin ni ahọ́n wọn kúrú tí ó sì rí roboto.

Mo jókòó sórí ebè. Àádọ́ta ọdún ni ìyá yẹn ti ń gbin ìrẹsì yẹn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ wọn. Ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà ti ń bá ti Éṣíà gbé nínú àpò kan náà láti ìgbà yẹn wá, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n pa á mọ́.

Oṣù keje, 2023: àtúnṣe

Mo kọ orúkọ gbogbo ìlà sórí pákó pẹlẹbẹ pẹ̀lú yíǹkì tí wọ́n ní omi kì í fọ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ méjì fọ̀ ọ́. Mọ́kànlá nínú 30 kò ṣeé kà mọ́. Ohun tó yọ mí ni àwòrán oko tí mo ti yà sínú ìwé lọ́jọ́ tí a gbìn. Mo wá gé agolo ohun mímu sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, mo fi ìṣó kọ nọ́ńbà sí i títí ó fi jinlẹ̀, mo sì fi wáyà so ó mọ́ igi. Títí di òní, kò sí ọ̀kan tó parẹ́. Ẹ máa ya àwòrán oko yín. Ẹ máa yà á kí ẹ tó kúrò lóko lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹjọ, 2023: ìsopọ̀ àkọ́kọ́, kò ṣe é ṣe

Ìrẹsì kì í wá ọkọ síta. Inú èèpo kan náà ni akọ àti abo wà: apò mẹ́fà tó ní àtíkè, ìyẹn ìyẹ̀fun akọ, nínú, àti ibi tí abo ti ń gbà á. Kí èèpo tó là rárá, tàbí bó ṣe ń là, àtíkè ti bọ́ sórí abo ara rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún hóró, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan gba àtíkè láti ara igi mìíràn. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn ìyá Ìṣarà fi wà nínú àpò kan fún àádọ́ta ọdún tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣì ń jẹ́ ara rẹ̀.

Tí a bá wá fẹ́ so méjì pọ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ òdòdó ìyá lọ́dàá. A ó fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé orí èèpo, bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, a ó fi ẹ̀mú yọ apò àtíkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láì fọwọ́ kan abo, a ó fi bébà fẹ́lẹ́ bo ṣiri náà, a ó sì mú àtíkè bàbá wá gbọ̀n sí i lọ́jọ́ kejì.

Mo tẹ òdòdó 84 lọ́dàá. Hóró méjì péré ló mú, méjèèjì sì jẹrà. Mo ro ohun tí mo ṣe. Èkíní, aago kan ọ̀sán ni mo gbé àtíkè wá, bẹ́ẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá ni ìrẹsì máa ń là, àtíkè rẹ̀ kì í sì pẹ́ kó tó kú. Èkejì, mo gé èèpo wálẹ̀ jù, mo sì ṣe abo léṣe. Ẹ̀kẹta, R7 tí mo fẹ́ fi ṣe bàbá kò tíì yọ ṣiri dáadáa nígbà tí FARO 44 ti ń là tán. Àwọn ẹ̀gà sì ti ń jẹ ohun tó kù. Mo gbé aṣọ́komásùn mẹ́ta sóko, wọ́n sì bà lé e lórí. Àwọ̀n ni mo padà rà.

Oṣù kẹsàn-án, 2023: ohun tí ojú kò rí

Mo kórè, mo wọn hóró. Mo wọn gígùn àti ìbú, mo ka ẹgbẹ̀rún hóró láti ìlà kọ̀ọ̀kan mo sì gbé e lé ìwọ̀n. Lórí bébà, R2 ti Ìkẹ́nnẹ́ àti R5 ti Àgọ́-Ìwòyè jọra bí ìbejì: gíga kan náà, hóró kan náà, àwọ̀ kan náà. R1 àti R6 ò jọra rárá, torí pé R1 ní irùngbọ̀n, R6 kò ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gé ewé tútù láti ara mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo kó wọn sínú kúlà oníyìnyín, mo gbé e lọ bá a. Ó ṣàlàyé fún mi báyìí. Nínú DNA ìrẹsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú gbogbo ara rẹ̀, àwọn ibì kan wà tí lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ń tún ara wọn sọ bí ẹni tó ń kígbe ọjà: GA GA GA GA. Ẹ̀yà kan lè pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. A ó sọ ibẹ̀ di púpọ̀ nínú ẹ̀rọ, a ó fi iná mànàmáná lé e gba inú jẹ́ẹ̀lì kọjá, èyí tó kúrú á sáré jìnnà, èyí tó gùn á dúró sẹ́yìn. Ibi tí ìlà bá dúró sí ló ń sọ iye ìgbà.

Ó wo ibi 12. R2 àti R5, ìbejì mi, yàtọ̀ síra ní ibi mẹ́sàn-án. R1 àti R6, tí mo pè ní àjèjì síra wọn, bára mu ní mọ́kànlá. Irùngbọ̀n yẹn, jíìnì díẹ̀, ìyẹn apá DNA tó ń darí ìrísí, ló ń darí rẹ̀. Ó hàn sí ojú ju gbogbo ohun tó kù lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkankan nípa ìyókù igi náà.

Ibi 12 kéré. Gbogbo DNA ìrẹsì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 lẹ́tà, lórí krómósómù 12, ìyẹn okùn tí DNA wà lórí rẹ̀, tó wà ní méjì méjì. Ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé àkọsílẹ̀ bí àwọn lẹ́tà náà ṣe tò jáde. Síbẹ̀, 12 yẹn tó láti fi hàn mí pé ojú ara mi ń tàn mí. Ká ní mo jù R5 nù torí pé mo ti ní R2, ohun tí mi ò mọ̀ ni ǹ bá jù nù.

Kí nìdí tó fi dùn mí tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí òṣùwọ̀n ńlá. Ní 1966, ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, IRRI, ní Philippines gbé IR8 jáde. Wọ́n so Peta, ìrẹsì gíga láti Indonesia, pọ̀ mọ́ Dee-geo-woo-gen, ìrẹsì kúkúrú láti Taiwan. Jíìnì kan láti ara ti Taiwan ló mú igi rẹ̀ kúrú, kò ṣubú, ó sì ń so bí ohun tí wọ́n ń dà látòkè. Gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í lo jíìnì yẹn. Àwọn àgbẹ̀ Éṣíà jù èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ tó lọ salalu wá di ti ẹ̀yà díẹ̀ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ara wọn. Kò pẹ́ tí àìsàn kan tí kòkòrò ń gbé kiri, tó ń sọ ìrẹsì di koríko ràrá, fi bo oko. Wọ́n yẹ irúgbìn tó lé ní 6,000 wò láti wá èyí tí àìsàn náà kò lè mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí: ìrẹsì igbó kan, Oryza nivara, láti Íńdíà. Kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó máa tà á. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú ààbò sínú IR36, tí wọ́n gbé jáde ní 1976.

Oṣù kẹjọ sí oṣù kejìlá, 2023: ìsopọ̀ kejì

Kí n tó parí ìkórè ni mo ti gbin ti ìkejì lẹ́bàá omi. FARO 44 ni ìyá. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé hóró rẹ̀ funfun, mo sì fẹ́ lo àwọ̀ láti mọ̀ bóyá ìsopọ̀ náà mú ní tòótọ́. Màá ṣàlàyé tó bá yá. R7 ti Òde-Rẹ́mọ ni bàbá. R4 tó ní glaberrima nínú wù mí jù, àmọ́ mo bẹ̀rù rẹ̀, ìdí náà yóò sì hàn. Mo gbin R7 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá láàárín, kí ọ̀kan nínú wọn lè bá ìyá là pọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tẹ òdòdó lọ́dàá, nígbà tí oòrùn ti tutù. Mo gbé igi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀rọ̀fọ̀tẹ̀rọ̀fọ̀ wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọwọ́ mi lè balẹ̀. Mo máa ń gbé e sí iwájú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: apò àtíkè máa ń hàn bí òjìji nínú èèpo, èyí tó bá ti gòkè kọjá ìdajì, ọ̀la ló máa là, nítorí náà òun ni mo ń gé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gé ṣiri R7 tó ń là, mo gbọ̀n ọ́n sórí ìyá. Ìyẹ̀fun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí ló bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún mo ṣí bébà. Hóró tútù ń jáde láti inú èèpo tí mo gé lórí.

Hóró 19. Mo kórè wọn nígbà tó pé ọgbọ̀n ọjọ́. Orí wọn ló yọ síta nínú èèpo bí ọmọ tí aṣọ kò tó.

Nígbà tí mo bó ọ̀kan, ó funfun. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò mú o, bàbá pupa." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jọ. Ṣùgbọ́n awọ tó bo hóró ìrẹsì, tí ó ń pupa, ara ìyá ni. Ìyá ló hun ún, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe hun èèpo. Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ wà nínú, kò tíì dé awọ. A gbọ́dọ̀ gbin ọmọ náà, kí ó di ìyá fúnra rẹ̀, kí ó tó lè fi àwọ̀ bàbá rẹ̀ hàn lára hóró tí òun náà bá so. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti da ìsopọ̀ tó dára nù lórí ọ̀rọ̀ yìí.

2024

Hóró 19, mẹ́rìnlá hù. Nígbà tí wọ́n gbó, mo bó hóró láti ara igi kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá pupa. Mẹ́ta funfun: àwọn yẹn ti gba àtíkè ìyá wọn níbi tí ọwọ́ mi ti ṣì. Jíìnì tó ń mú awọ pupa lágbára ju ti funfun lọ. Ti funfun jẹ́ èyí tí lẹ́tà 14 ti já nínú rẹ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bí igi kan bá gba pupa láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ó ti pupa nìyẹn. Ìdí tí mo fi mú funfun ṣe ìyá nìyí: kò sí ibòmíràn tí pupa lè gbà wọ inú ọmọ rẹ̀ àfi lára bàbá.

Àwọn mọ́kànlá yìí ga, wọ́n ta ọmọ púpọ̀, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, gbogbo ẹni tó kọjá ló ń yìn wọ́n. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan ṣiri ni ojú mi wálẹ̀. Ó fúyẹ́. Nínú hóró méjì, bí ọ̀kan ló ṣófo.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù lórí R4 nìyẹn, ó sì bá mi lórí R7. Ìrẹsì Éṣíà pàápàá ní agbo ńlá méjì, indica àti japonica. FARO 44 jẹ́ indica. Ọ̀pọ̀ ìrẹsì ilẹ̀ gbígbẹ tiwa súnmọ́ japonica. Wọ́n ti pínyà tipẹ́ tí àtíkè àti ẹyin ọmọ wọn fi ń kú díẹ̀díẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá kéré jù, kò sí ohun tuntun. Bí ó bá pọ̀ jù, ọmọ kì í bí. Láàárín sativa àti glaberrima, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ ìran kìíní kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ so rárá. Ògiri tí Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Côte d'Ivoire kọlù láwọn ọdún 1990 nìyẹn. Wọ́n so CG 14, glaberrima, pọ̀ mọ́ WAB 56-104, sativa. Wọ́n dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ tó jẹ́ sativa, wọ́n sì hu igi láti inú àtíkè nínú ìgò kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tètè dúró. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni NERICA. NERICA 1 ni wọ́n ń pè ní FARO 55 níbí. Jones gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2004. Mi ò ní yàrá ìwádìí. Mo ní sùúrù, mo sì ní àkùrọ̀. Hóró tó gbó nínú ṣiri wọ̀nyẹn náà ni mo kó, mi ò da ọ̀kan nù.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn, mo se R7 tó kù, nítorí ẹnìkan sọ fún mi pé bí mo bá so ìrẹsì wa pọ̀ mọ́ FARO, òórùn Ọ̀fàdà á lọ. Mo pín R7 sí méjì. Mo fi omi gbígbóná rẹ ìkan ní òru kan ṣoṣo, mo fi omi tútù rẹ ìkejì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n tó bọ̀ wọ́n, kí n sì sá wọn. Ti ọjọ́ mẹ́ta ló ní òórùn náà. Ti òru kan kò ní in. Irúgbìn kan náà. Rírẹ ló ń kan, òun ló ń fún un ní òórùn yẹn. A pọ́n méjèèjì sínú ewé eéran, a fi ayamáṣe jẹ ẹ́, bí wọ́n ti ń sè é ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyá mi ní kí n má ṣe ti òru kan mọ́.

2025

Ìran kejì. Ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń tú síta. Mo gbin igi 240, 231 dé ìkórè. Mi ò rí irú oko bẹ́ẹ̀ rí: gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúkúrú, èyí tó ti gbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣì ń yọ ṣiri, ewé gbòòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Mo bó hóró láti ara gbogbo wọn. 171 pupa, 60 funfun. Ó súnmọ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, bí ó ti yẹ kó rí nígbà tó bá jẹ́ jíìnì kan ṣoṣo ló ń darí nǹkan. Gíga kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fi rúlà wọn 231, mo kọ wọ́n sílẹ̀, kò sí ibi tí mo lè fi ìlà pín gíga sí kúkúrú. Ńṣe ni wọ́n tò tẹ̀léra bí àtẹ̀gùn, èyí tó pọ̀ jù wà láàárín. Jíìnì púpọ̀ ló jọ ń fa gíga, ilẹ̀ sì ń fà á pẹ̀lú. Nítorí náà, mi ò gbà pé igi kan kúrú títí màá fi rí àwọn ọmọ rẹ̀.

Mo ṣà 22. Mo kọ́kọ́ yọ funfun kúrò, mo yọ èyí tí hóró òfìfo rẹ̀ pọ̀, mo yọ èyí tó ṣubú nínú ìjì ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí ó kù 30 ó lé díẹ̀, mo pe ìyá Ìṣarà wá. Wọ́n rìn gba àárín oko láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ hóró, wọ́n ń fa ṣiri díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n dànù. Igi mẹ́ta tí mo ti kọ̀ ni wọ́n dá padà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n ní, "Wo ewé ìkẹyìn yìí, ọmọ mi. Ṣiri ti gbó, ewé ṣì tutù. Ìyẹn ṣì ń fún un lóúnjẹ."

Òótọ́ ni. Mi ò wọn ìyẹn. Mo ti fi kún ìwé báyìí.

Mo dá irúgbìn R4 padà fún wọn lọ́jọ́ yẹn, rọ́bà kan tó mọ́, tó gbẹ. Mo ya àwọn mẹ́rin tí ahọ́n wọn kúrú sọ́tọ̀ sínú ìgò mìíràn, mo sì sọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún wọn. Wọ́n gba ìgò náà, wọ́n dà á padà sínú rọ́bà pẹ̀lú àwọn ìyókù. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti mọ́ wọn lára. Mo ti pa tèmi mọ́ lọ́tọ̀.

Èyí tó kàn

Igi 22 náà kò tíì jẹ́ ẹ̀yà. Níbi tí òbí wọn méjèèjì bá ti yàtọ̀, ìdajì kò tíì dúró lára wọn, ìyẹn ni pé níbẹ̀ àwọn ọmọ wọn ṣì lè yàtọ̀ síra. Ìran kẹta á kù ìdá mẹ́rin, ìran kẹrin á kù ìdá mẹ́jọ, títí ìran kẹfà tí á fi kù bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo lè gbìn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí omi kò bá gbẹ. Ti R4 ń bọ̀ lẹ́yìn èyí: mo fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ R7 dípò FARO, kí n sì dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ R7 lẹ́ẹ̀mejì.

Irúgbìn igi kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò bébà tirẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára pátákó agolo nínú àpò náà. R1 títí dé R9 wà nínú rọ́bà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo pín ìdá kan nínú wọn fún ọ̀rẹ́ mi níbi yàrá ìwádìí, kí iná tàbí eku ilé kan má baà gba gbogbo wọn. Mo ti fi okùn pààlà sí ìlà 22 lápá ìsàlẹ̀ àkùrọ̀, mo sì ti ya àwòrán rẹ̀. Ó ku òjò.